Ẹ Bi Ìyá Alábàárò: Dada Onípáàmù

Orí ni gbogbo lẹ́tà ọ̀sẹ̀ yìí ń bá jà. Ẹ jẹ́ á tú wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìyá Alábàárò, ẹ kú iṣẹ́ mà. Aṣọ ni mò ń tà nítòsí ọjà màlúù Àjàṣẹ́-Ìpo. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe rìláásà. Onídìrí kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Èkó dé ní òun máa fi páàmù sọ irun mi di dada lọ́jọ́ kan ṣoṣo, pé bẹ́ẹ̀ làwọn òyìnbó ṣe ń ṣe é. Ìgbéyàwó ọ̀rẹ́ mi ku ọ̀sẹ̀ méjì. Ṣé kí n ṣe é? — Onírun Gbọọrọ, Àjàṣẹ́-Ìpo

Ọmọ mi, onídìrí yẹn kò purọ́. Òótọ́ tó sọ yẹn gan-an ló máa pá ọ lórí.

Páàmù dada wà lóòótọ́. Irun òyìnbó àti ti ará Japan a máa nà. Bí wọ́n bá lọ́ ọ lónìí, ó ti tú kó tó dọ̀la. Ìdí nìyẹn tí àwọn sàlúùnù wọn fi ń pín irun sí ìpín kéékèèké, tí wọ́n ń fi kóòmù tì í sẹ́yìn títí yóò fi lọ́ mọ́ra, tí wọ́n ń wé e mọ́ rólà, kí wọ́n tó da oògùn lé e. Ammonium thioglycolate lorúkọ oògùn náà. Imí ọjọ́ wà nínú irun ọmọ ènìyàn, òun ló so irun ró. Oògùn yìí ló ń tú ìdè náà. Bí irun bá ti gba ìrísí tuntun tán, wọ́n á da hydrogen peroxide sí i kí ìdè náà lè so padà. Bí ẹyin tó ti bàjẹ́ ni oògùn náà ṣe ń rùn. Bó o bá gbé orí yẹn wọ gbọ̀ngàn àsè, alásè ni wọ́n máa kọ́kọ́ dá lẹ́bi.

Irun tìrẹ ńkọ́? Sódà ti jẹ ẹ́. Rìláásà olóró, sodium hydroxide ló wà nínú rẹ̀, ìyẹn kọ́sítìkì sódà tí àwọn ọlọ́ṣẹ mọ̀ dáadáa. Èyí tí wọ́n kọ "no lye" sí lára, calcium hydroxide ni wọ́n ń pò mọ́ guanidine. Àwọn náà ń tú ìdè imí ọjọ́, ṣùgbọ́n ìdè tí wọ́n bá tú kì í so bó ṣe wà mọ́. Bí onípáàmù bá wá da tirẹ̀ lé e, kò ní bá ìdè tó ń wá níbẹ̀. Irun fúnra rẹ̀ ni yóò já, wọ́n á sì fi ìgbálẹ̀ gbá a dà nù níṣojú rẹ. Oògùn méjèèjì kò gbọdọ̀ pàdé lórí ẹyọ irun kan. Ohun tó yẹ kí onídìrí mọ̀ kó tó gbé kóòmù nìyẹn.

Bó o bá ṣì fẹ́ ṣe é, sọ fún onídìrí pé orí tirẹ̀ ni kí ẹ ti kọ́kọ́ dán an wò. Bó bá gbà, ránṣẹ́ pè mí, mo fẹ́ràn ìran ọ̀fẹ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, dirun, wé gèlè ràgàjì lọ síbi ìgbéyàwó, kò sẹ́ni tó máa bi ọ́ ní ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Jáwọ́ nínú rìláásà. Irun máa ń hù tó sẹ̀ǹtímítà kan ó lé díẹ̀ lóṣù. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, gé èyí tí sódà ti jẹ dà nù, kí wọ́n fi kóòmù lọ́ tuntun náà wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Láàárín oṣù mẹ́fà sí ọdún kan, yóò ti dì fúnra rẹ̀. Irun tiwa kì í bẹ oògùn kó tó di dada. Bó o bá gbàgbé láti yà á, ó ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi ọkùnrin ti Ìlọrin dé pẹ̀lú dada. Ìyá ìyàwó mi ní sàárà Dàda di dandan: ẹ̀wà, àkàrà, ìrèké. Èmi ní kó lọ fá a kí ọlọ́pàá má baà gbé e. Ilé ti dàrú. — Bàbá Ọmọ, Ẹsìẹ́

Bàbá, ẹ kú ìrọ́jú. Dàda, orúkọ àmútọ̀runwá ni. Ọmọ tó bá irun lílọ́ wáyé ló ń jẹ́ ẹ. Ọmọ yín sanwó fún tirẹ̀ ní Ìlọrin, dada tó bá ní rísíìtì kì í sì í gba sàárà. Ṣùgbọ́n ẹ ra ẹ̀wà náà. Àkàrà ló ń wu màmá jẹ, ẹ̀yin lẹ kò tètè mọ̀. Àna tó yó kì í jà.

Ti ọlọ́pàá, ẹ̀rù yín kì í ṣe ẹ̀rù lásán. Nígbà ìwọ́de EndSARS ní oṣù Kẹwàá ọdún 2020, ara ohun tí àwọn ọ̀dọ́ ń ké lé lórí ni pé ẹni tó bá ti ní dada tàbí fóònù olówó ńlá, ọmọ Yahoo, ìyẹn oníjìbìtì orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ni ọlọ́pàá ń pè é. Kí ọmọ máa mú káàdì ìdánimọ̀ dání. Ẹ má fá irun rẹ̀: orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ẹ kó ìdílé lọ sí mùsíọ́mù Ẹsìẹ́ níbẹ̀. Ọdún 1945 ni wọ́n ṣí i, òun sì ni mùsíọ́mù àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ẹ wo irun àràbarà tó wà lórí àwọn ère òkúta inú rẹ̀, tí wọ́n lé ní ẹgbẹ̀rún. Irun yẹn ti wà kí ọlọ́pàá tó dáyé.

Ìyá Alábàárò, èmi ni onídìrí tó ti Èkó dé. Mo gbọ́ pé wọ́n ti fi ẹjọ́ mi sùn yín. Mo ti ra páàmù, mo ti ra rólà. Kí ni kí n fi wọ́n ṣe? — Ọlọ́wọ́ Rẹ́mú, Àjàṣẹ́-Ìpo

Àbúrò mi, èmi kò gba ẹjọ́ rẹ, oògùn rẹ ni mo gbà wò. Bi ìyá rẹ: irú rẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe jẹ́rì-kọ́ọ̀lù láyé ọdún 1980 sí 1989, tí ìrọ̀rí gbogbo ilé fi ń yọ̀ kọ̀rọ̀kọ̀rọ̀. Fi rólà rẹ ṣe irun fún ẹni tí kò ṣe rìláásà rí tó ń wá irun wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Dán an wò lórí ẹyọ irun díẹ̀ ná, kó o sì wọ ìbọ̀wọ́. Ti dada, sùúrù ni kó o máa tà. Ẹni tó bá ṣe páàmù á sanwó lẹ́ẹ̀kan, á sì padà wá jà. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ dada rẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ yóò máa wá tún un lọ́ ní oṣooṣù, yóò sì máa mú ọ̀rẹ́ wá. Èwo ló mówó wọlé jù? Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Irun iwájú mi ti lọ. Ṣé dada lè bò ó? — Alágbára Ọkùnrin, Ọ̀mù-Àrán

Dada wúwo, ó sì máa ń fa irun. Èyí tó ṣẹ́ kù yóò bá èyí tó ti lọ lọ. Ẹ ra fìlà abetí-ajá.

Ìdájọ́ ọ̀sẹ̀ yìí kò gùn. Kí ẹnikẹ́ni tó da oògùn sí yín lórí, ẹ bi í pé: kí ló wà nínú ike yìí? Kó sì bi ẹ̀yin náà pé: ìgbà wo lẹ ṣe rìláásà kẹ́yìn? Bí kò bá lè dáhùn tàbí tí kò béèrè, ẹ dìde lórí àga, ẹ dúpẹ́, kí ẹ máa lọ sílé pẹ̀lú irun yín.