Àna Yorùbá Ló Ń Lọ Gbé Òkú

Ẹni tó bá fẹ́ ọmọ Bìní, kó yáa mọ̀ pé iṣẹ́ ni wọ́n gbé fún un. Ìyàwó yẹn, èènì ni. Láti ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ti kú sí Turin ní Ítálì ni gbogbo ẹbí wọn ti fẹnu kò pé èmi ni n ó lọ gba òkú ní Èkó. Kí nìdí? Yorùbá ni mí. Mo ní ará Ìkirè ni mí, pé yàtọ̀ sí dòdò, n kò mọ ohun kan tí wọ́n ń kó wọ ọkọ̀ ní ìlú wa. Wọ́n ní ṣé Yorùbá kọ́ ni wọ́n ń sọ ní Èkó ni? Pápákọ̀ òfurufú wà ní Bìní níbí o, àmọ́ ọkọ̀ abẹ́lé ló ń balẹ̀ síbẹ̀.

Ohun tó ń dùn mí wọra nìyí. Nígbà tí ọkùnrin yìí ń lọ, kò mú ìwé kankan dání. Ó gba Agadez, ó la aṣálẹ̀ já dé Líbíà, ó wọ ọkọ̀ rọ́bà sórí òkun. Ní báyìí tó fẹ́ wálé, tí kò lè sá, tí kò lè gba iṣẹ́ mọ́ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, ìwé tó tẹ̀ lé e nípọn ju Bíbélì lọ. Ìwé ẹ̀rí ikú wà níbẹ̀. Ẹ́ḿbásì wa ní Róòmù gbọ́dọ̀ mọ̀ sí i. Òmíràn tún wà tí wọ́n ń pè ní passaporto mortuario: páásípọ́ọ̀tù òkú! Ẹni tó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ wá ìwé ìgbélùú tí kò rí i, ìgbà tó kú tán ni Ítálì ṣẹ̀ṣẹ̀ fún un ní páásípọ́ọ̀tù.

Òfin wọn ti 1990 tún ní pósí méjì ló gbọ́dọ̀ wọ̀, ọ̀kan pákó, ọ̀kan páànù tí wọ́n jó pa pinpin. Kílò sì ni ọkọ̀ òfurufú fi ń gbowó ẹrù.

Ọ̀rẹ́ olóògbé kan lọ́hùn-ún dábàá pé kí wọ́n kúkú sun ún, kí wọ́n fi eérú rẹ̀ ránṣẹ́ nínú ìkòkò kékeré. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n ni, àmọ́ mo panu mọ́. Ìyá ìyàwó mi bi í lórí fóònù bóyá inú ìkòkò ni ìyá tirẹ̀ wà. Ni àgbà kan bá gba ọ̀rọ̀ sọ: Ọba Ovonramwen tí Gẹ̀ẹ́sì gbé lọ sí Calabar lẹ́yìn ogun 1897, tó sì wàjà síbẹ̀ ní 1914, ṣebí ààfin Bìní ni wọ́n padà sin ín sí? Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Mo wo ìwé tí a fi ń kọ orúkọ àwọn tó dáwó, orúkọ bàbá onítàn kò sí níbẹ̀.

Òótọ́ kan ṣá wà níbẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin Nàìjíríà 26 tí òkun pa, tí wọ́n ṣe ìsìnkú wọn ní Salerno ní oṣù kọkànlá 2017, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ni kò sẹ́ni tó mọ orúkọ wọn. Ta ló fẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ tirẹ̀? A yá owó kún owó.

Níbi tí wọ́n ti ń gba ẹrù ní Èkó, ọ̀gá kan bi mí bóyá ẹrù mi jẹ́ èyí tó lè bàjẹ́. Mo ní ó ti bàjẹ́ ná. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n san owó ilẹ̀, torí ẹrù mi sùn mọ́jú. A kọjá Ìjẹ̀bú-Òde, a kọjá Ọ̀rẹ̀, àwọn kan dá wa dúró lójú ọ̀nà, ọ̀kan nínú wọn bi mí pé:

“Kí lẹ gbé?”

“Òkú ni, sà.”

“Ìwé ẹ̀ dà?”

Mo kó gbogbo rẹ̀ fún un. Èdè Ítálì ni. Ó ń ṣí i lọ, ó ń mi orí bí ẹni tó gbọ́ ọ, ó wá ní òun kò rí ibi tí òkú fúnra rẹ̀ ti fọwọ́ sí i.

Ìgbà tí a délé ni wàhálà tuntun bẹ̀rẹ̀. Ní ilẹ̀ Bìní, ilé tí bàbá gbé, tó sì kú sí, igiogbe ni wọ́n ń pè é, àkọ́bí ọkùnrin ló ń jogún rẹ̀ tó bá ti ṣe ìsìnkú tán. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ pàápàá fọwọ́ sí i nínú ẹjọ́ Idehen ní 1991. Àmọ́ orí fóònù ni olóògbé tiwa ti kọ́ ilé rẹ̀ ní Ekenwan ní Bìní níbí, kò sùn níbẹ̀ rí. Yàrá tó háyà ní Turin ló kú sí. Àwọn àgbà ń jiyàn títí ilẹ̀ fi ṣú, àkọ́bí ń mu mínẹ́rà tirẹ̀. Kí lándílọ́ọ̀dù Turin yẹn máa ṣọ́ra.

Lẹ́yìn náà, wọ́n ní àfi káwọn rí ojú ọmọ àwọn. Ta ló mọ̀ bóyá òyìnbó ni wọ́n dì ránṣẹ́? Mo ṣàlàyé pé wọ́n ti jó páànù pa. Wọ́n ní ìyẹn kọ́ ni wàhálà, wọ́n ránṣẹ́ sí wẹ́dà tó wà ní ìkòríta. Ó yí pósí po, ó fìka kàn án kókókó, ó dá iye tó ń gbà lórí géètì ilé, ó ní ká ra epo jẹnẹrétọ̀ lọ́tọ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó dín in kù. Ó ní òun ti dín in kù: pósí méjì lòun rí, ọ̀kan ṣoṣo lòun kà.