Ìjàpá àti Jẹ́lé-ó-sinmi Mẹ́rin

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbóò, ó dá lórí Ìjàpá Tìrókò, ọkọ Yánníbo, àti Ọ̀bọ tó ń ṣe wolé-wolé.

Ní ìgbà kan, àwọn ìyálọ́mọ inú oko Ìbàdàn ò ríbi fi ọmọ sí. Ọmọ lẹ́yìn, ọkọ́ lọ́wọ́, iṣẹ́ ò yá. Ni Ìjàpá bá dá jẹ́lé-ó-sinmi mẹ́rin sílẹ̀: ọ̀kan ní Mọníyà, ọ̀kan ní Lálúpọn, ọ̀kan ní Ẹ̀gbẹ́dá, ọ̀kan ní Akànràn. Ó gba owó ní mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ní Mọníyà, Ìgbín nìkan ló fi ti ogójì ọmọ.

Kìnnìún gbọ́. Ó ní, "Àwọn ọmọ aráyé ti kọ ọ́ sínú ìlànà ètò ẹ̀kọ́ Nàìjíríà pé kí ẹnì kan máa tọ́jú ọmọ ọwọ́ 10, kí olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi kan má sì kọ́ ju ọmọ 25 lọ. Ṣé tiwa á wá burú ju tiwọn lọ ni?" Ó kó bírò àti fọ́ọ̀mù fún Ọ̀bọ, ó ní kó lọ wò ó.

Ọ̀bọ kọ̀wé ṣáájú: Mọníyà lọ́jọ́ Ajé, Lálúpọn lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Ẹ̀gbẹ́dá lọ́jọ́rú, Akànràn lọ́jọ́bọ̀. Ó ní kò yẹ ọmọlúàbí kó já wọ ilé onílé.

Ìjàpá yá ẹní ńlá kan, ike omi mẹ́ta, ọmọláńgidi mẹ́fà àti àpótí oògùn kan. Ó háyà Ehoro mẹ́ta, ó wọ yunifọ́ọ̀mù fún wọn. Ó wá kọ́ àwọn ọmọ lórin:

Lílé: Bí wolé-wolé bá dé, ẹ rẹ́rìn-ín o
Ègbè: Jẹ́lé ó sinmi
Lílé: Bí ebi bá ń pa yín, ẹ ṣe jẹ́ẹ́ o
Ègbè: Jẹ́lé ó sinmi

Ọ̀bọ dé Mọníyà. Ó ka ike, ó ka Ehoro, kò wo ojú ọmọ kankan. Ìjàpá gbé àmàlà, gbẹ̀gìrì àti ewédú kalẹ̀: "Ọ̀gá wolé-wolé, ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Ẹ fọwọ́ bà á." Ọ̀bọ jẹun tán, ó kọ ọ́ pé ó dáa. Bí ilẹ̀ ti ṣú, Ìjàpá di gbogbo ẹrù mẹ́yìn, àwọn Ehoro tẹ̀lé e, ó di Lálúpọn.

Nígbà tí Ọ̀bọ fi máa dé Ẹ̀gbẹ́dá, ó rí i pé iná ti jó ẹní ibẹ̀ létí, bó ti jó ti Mọníyà, bó ti jó ti Lálúpọn. Inú rẹ̀ dùn. Ó kọ ọ́ sí fọ́ọ̀mù pé: "Dọ́gba-n-dọ́gba ni Ìjàpá ń ṣe. Àní ojú iná ara ẹní wọn pàápàá kò yàtọ̀."

Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn kan náà, ní Mọníyà, ọmọ Ọ̀yà wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ àgbà, ó ń kọrin Ìjàpá. Ṣùgbọ́n ọmọdé ti fi tirẹ̀ kún un:

Lílé: Ẹní wa ti lọ sí Lálúpọn o
Ègbè: Jẹ́lé ó sinmi
Lílé: Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ la wá ń sùn sí o
Ègbè: Jẹ́lé ó sinmi
Lílé: Ìgbín nìkan ló kù fún wa o
Ègbè: Jẹ́lé ó sinmi

Ìyá àgbà ò kọ̀wé sí ẹnikẹ́ni. Ó mú ọ̀pá, ó já wọlé. Ogójì ọmọ wà lórí ilẹ̀. Ìgbín ṣì ń bọ̀ lọ́dọ̀ ọmọ tó ké lánàá.

Ó figbe ta. Gbogbo ẹranko ya sójú ọ̀nà Akànràn. Lóru, wọ́n ká Ìjàpá mọ́bẹ̀, odindi jẹ́lé-ó-sinmi wà lẹ́yìn rẹ̀.

Kìnnìún ní, "Ìjàpá, nígbà tó jẹ́ ilé rírù ló wù ọ́, máa ru tìrẹ títí láé." Bí ilé ṣe lẹ̀ mọ́ Ìjàpá lẹ́yìn nìyẹn. Wọ́n gba bírò lọ́wọ́ Ọ̀bọ. Títí dòní, ohun tí ọwọ́ ọ̀bọ bá tẹ̀, á yí i síwá, á yí i sẹ́yìn. Ó ti pẹ́ jù.

Àlọ́ mi kọ́ wa pé ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ọmọ ṣe ń gbé, kó má ránṣẹ́ ṣáájú. Kó bi ọmọ léèrè orin tó ń kọ nílé.

Ìdí àlọ́ mi rèé gbáńgbáláká. Bí mo bá purọ́, kí agogo ẹnu mi má ró. Pó, pó, pó!