Ẹkún Àwọn Ọ̀ta Gémù: Àgbéyẹ̀wò Ìjìnlẹ̀ lórí Ipa Tí Kò Ní lórí Iye Ọjà

Àsamọ̀

Iṣẹ́ ìwádìí yìí dá lórí ẹkún tí àwọn ọ̀ta gémù máa ń sun nígbàkúùgbà tí owó gémù bá lé sókè. Ohun tí a fi ṣe àpẹẹrẹ ni Nintendo Switch 2, ẹ̀rọ gémù tí ilé-iṣẹ́ Nintendo ti ìlú Kyoto ní Japan gbé jáde ní ọjọ́ 5, oṣù Kẹfà, ọdún 2025. Àbọ̀ ìwádìí fi hàn pé ẹkún náà pọ̀, pé ó ti ọkàn wá, àti pé ẹni tó ń sun ún kì í jìnnà sí ibi tí wọ́n ti ń gbowó.

1. Ìfáárà

Nintendo kì í ṣe ọmọ àná. Ọdún 1889 ni Fusajiro Yamauchi dá a sílẹ̀, káàdì ìṣeré tí wọ́n ń pè ní hanafuda ni wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀. Ọjà ti yí padà láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò yí padà: kí àgbàlagbà tó gbọ́n dáadáa kiwọ́ bọ àpò nítorí eré.

Ní ọjọ́ 2, oṣù Kẹrin, ọdún 2025, wọ́n dá iye lé Switch 2. Switch àkọ́kọ́, tó jáde nínú oṣù Kẹta ọdún 2017, $299.99 ni wọ́n tà á ní Amẹ́ríkà. $449.99 ni wọ́n pe àbúrò rẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, £395.99 ni. Gémù tó bá a jáde lọ́jọ́ kan náà, Mario Kart World, $79.99 ni tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ní Yúróòpù, ẹni tó bá fẹ́ èyí tó ṣeé fọwọ́ mú dípò èyí tí a ń fà láti orí íntánẹ́ẹ̀tì yóò san €89.99.

Nítorí òǹkàwé tí kò bá gbọ́ nípa gémù yìí rí, eré ìje ọkọ̀ ni. Lára àwọn awakọ̀ tí ènìyàn lè yàn ni màlúù kan wà, odidi màlúù, tó lè gun alùpùpù. Kò sí ibi tí wọ́n ti ṣàlàyé bó ṣe gba ìwé ìwakọ̀. A sì gbọ́dọ̀ là á yé òǹkàwé pé $79.99 yẹn kò kan ẹran. Ẹni tó sanwó kò ní fa màlúù náà lọ sílé, kò sì sí ṣàkì níbẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n dá iye náà, Nintendo ṣí ètò kan lórí YouTube láti fi àwọn gémù tuntun han aráyé. Àwọn òǹwòran kò sọ̀rọ̀ nípa gémù. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni wọ́n ń tẹ̀ ránṣẹ́ léraléra, pé kí wọ́n já owó náà wálẹ̀. Àwọn tó ń ṣeré níwájú kámẹ́rà ń bá eré wọn lọ pẹ̀lú ẹ̀rín músẹ́. Ẹni tó jẹ́ ọ̀gá Nintendo ní Amẹ́ríkà lásìkò náà ni Doug Bowser. Bowser náà ni ọ̀tá Mario ń jẹ́ nínú gémù, òun ló máa ń jí ọmọ ọba gbé. Ẹni tó bá gbà pé orúkọ ń ro ọmọ lè ṣe ìwádìí tirẹ̀ lọ́tọ̀.

2. Tíọ́rì àti ọgbọ́n ìwádìí

Tíọ́rì tí a mú lò ni ti àwọn àgbà, tó sọ pé bí ojú bá ń sunkún, á máa ríran. Gẹ́gẹ́ bí tíọ́rì yìí, ẹkún kì í dí ènìyàn lọ́wọ́ nǹkan kan. Ojú kan náà tí omijé ti ń jábọ́ ni a fi ń wá ibi tí ìlà ti bẹ̀rẹ̀. Ọgbọ́n ìwádìí wa kò le: a fi etí gbọ́ ẹkún, a sì fi ojú wo iye ọjà tí wọ́n tà. A kò bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè, nítorí ẹni tó ń sunkún kì í ka ìwé ìbéèrè dé ìparí.

3. Àbọ̀ ìwádìí

3.1 Àkókò tó wà láàárín ẹkún àti owó sísan

Ní ọdún 2023, Nintendo ta The Legend of Zelda: Tears of the Kingdom ní $69.99, nígbà tó jẹ́ pé $60 ni gémù wọn tó wọ́n jù kì í sábà kọjá. Ẹkún sọ. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ó ti tà ju mílíọ̀nù mẹ́wàá lọ.

Ní ti Switch 2, Nintendo ní kí àwọn ará Japan tó fẹ́ rà á lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ gan-an fi orúkọ sílẹ̀ kí wọ́n lè ṣẹ́ kèké. Wọ́n fi àìgbọdọ̀máṣe lé e: ẹni tó máa forúkọ sílẹ̀ gbọ́dọ̀ ti fi wákàtí 50 ṣeré lórí Switch àtijọ́, ó sì gbọ́dọ̀ ti san owó ọmọ ẹgbẹ́ ètò eré orí íntánẹ́ẹ̀tì wọn fún ọdún kan ó kéré tán. Pẹ̀lú gbogbo èyí, àwọn bíi mílíọ̀nù 2.2 ló forúkọ sílẹ̀. Ààrẹ ilé-iṣẹ́ náà, Shuntaro Furukawa, bọ́ síta láti tọrọ àforíjì. Kò tọrọ àforíjì nítorí pé ọjà wọ́n. Ó tọrọ àforíjì nítorí pé àwọn tó fẹ́ sanwó pọ̀ ju ẹ̀rọ tó wà nílẹ̀ lọ.

Nígbà tí ọjà bẹ̀rẹ̀, Switch 2 tó ju mílíọ̀nù 3.5 lọ ló tà káàkiri ayé láàárín ọjọ́ mẹ́rin. Nintendo kò tíì ta ẹ̀rọ kankan tó yá bẹ́ẹ̀ rí. Nítorí náà, nípa ti Switch 2, àkókò tó wà láàárín ẹkún àti owó sísan jẹ́ oṣù méjì. A gbà pé ìbá yá ju bẹ́ẹ̀ lọ bí ọjà bá ti wà nílẹ̀.

3.2 Bí owó ṣe ń wúwo sí i ni ọjà ń fúyẹ́ sí i

Ohun kejì tí a kíyè sí ni pé ohun tí wọ́n ń tà ń dín kù nínú páálí. Àwọn gémù Switch 2 kan wà tí káàdì inú wọn kò ní gémù nínú. Ẹni tó rà á yóò ki káàdì bọ inú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ yóò sì lọ fa gémù gan-an wá láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Iṣẹ́ káàdì ni láti jẹ́rìí pé wọ́n ti sanwó.

Wọ́n tún ta gémù kan tó ń jẹ́ Welcome Tour ní $9.99. Inú gémù yìí ni ẹni tó ti ra Switch 2 yóò ti máa rìn kiri lórí Switch 2 ńlá kan, tí yóò máa kọ́ nípa Switch 2 tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ èdè náà wà níbẹ̀. Nígbà tí ọjà bẹ̀rẹ̀ ní Japan lọ́dún 2025, 49,980 yen ni wọ́n ta Switch 2 tó ń sọ èdè Japan nìkan, àmọ́ 69,980 yen ni wọ́n pe èyí tó gbọ́ oríṣiríṣi èdè. Èyí túmọ̀ sí pé 20,000 yen ni owó èdè. Òǹkàwé wa tó bá san án tán, kí ó mọ̀ pé Yorùbá kò sí lára àwọn èdè náà.

3.3 Èrè sùúrù

Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé gbà pé ohun èlò tó bá ti gbó, owó rẹ̀ á wálẹ̀. Ní ọjọ́ 3, oṣù Kẹjọ, ọdún 2025, Switch àkọ́kọ́, tó ti lé ní ọmọ ọdún mẹ́jọ, gbéra láti $299.99 bọ́ sí $339.99 ní Amẹ́ríkà. Ẹni tó fi ọdún mẹ́jọ dúró de ẹ̀dínwó gba èrè sùúrù rẹ̀, $40 géérégé.

Ọ̀rọ̀ ìjọba wọ ọ̀rọ̀ yìí. Ọjọ́ tí Nintendo dá iye lé Switch 2 gan-an ni Ààrẹ Trump kéde owó ibodè tuntun, tó sì pe ti Vietnam, níbi tí wọ́n ti ń ṣe lára ẹ̀rọ náà fún ọjà Amẹ́ríkà, ní ìdá 46 nínú ọgọ́rùn-ún. Ó yẹ kí àwọn ará Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó sílẹ̀ ní ọjọ́ 9, oṣù Kẹrin. Nintendo sún un sí ọjọ́ 24. Nígbà tí ọjọ́ pé, owó ẹ̀rọ kò yí padà, ṣùgbọ́n pádì tí a fi ń ṣeré, tó jẹ́ $79.99, ti di $84.99. Àwọn tó ti fi ọ̀sẹ̀ méjì sunkún pé ẹ̀rọ máa wọ́n sí i mí kanlẹ̀, wọ́n sì ra pádì.

3.4 Ẹ̀rí láti ara píìnì

Lóru ọjọ́ tí ọjà bẹ̀rẹ̀, ní ṣọ́ọ̀bù GameStop kan ní Staten Island, New York, wọ́n fi píìnì kan rìsíìtì mọ́ ara páálí Switch 2. Ibi tí píìnì gbà wọlé gẹ́lẹ́ ni ojú ẹ̀rọ wà lẹ́yìn páálí. Àwọn oníbàárà gbé ẹ̀rọ délé, wọ́n ṣí i, wọ́n bá ihò lójú rẹ̀. Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ fún wọn. Lẹ́yìn náà ni GameStop kó píìnì náà àti ẹ̀rọ tí wọ́n fi kàn án lọ sórí eBay, wọ́n lu wọ́n ní gbàǹjo láti fi owó rẹ̀ ṣe àánú fún ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé. Iye tí àwọn ènìyàn fi lé e kọjá $100,000. Owó yẹn tó ra ju igba Switch 2 tí ihò kò sí lójú wọn. A kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sunkún pé píìnì wọ́n.

4. Àtakò àti èsì

Àwọn kan á sọ pé gémù kò wọ́n rárá. Wọ́n á tọ́ka sí ọdún 1996, nígbà tí àwọn gémù Nintendo 64 kan tà ní $70 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ṣíìpù tó wà nínú wọn wọ́n láti ṣe. $70 ìgbà yẹn ju $140 lọ lónìí. Ìṣirò wọn péye. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń rajà lónìí, owó oṣù òní ló ń gbà, aláàánú kan kò sì tíì fi owó oṣù ọdún 1996 ránṣẹ́ sí i.

Àwọn mìíràn á sọ pé ẹkún ti já owó wálẹ̀ rí. Òótọ́ ni. Nínú oṣù Kẹfà ọdún 2025, Microsoft pe gémù The Outer Worlds 2 ní $79.99. Ẹkún sọ, wọ́n sì dá a padà sí $69.99 nínú oṣù Keje. Ní oṣù Kẹwàá, wọ́n sọ owó Game Pass Ultimate, ètò àsansílẹ̀ gémù wọn tí wọ́n ń gbowó rẹ̀ lóṣooṣù, láti $19.99 di $29.99. Olùwádìí tó bá yọ èkíní lára èkejì á rí i pé $10 tí wọ́n yọ lẹ́ẹ̀kan ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbà padà lóṣooṣù nígbà náà.

Àtakò kẹta ló le jù: pé bí ọjà bá pọ́ọ́kú, ẹkún á dópin. Ní ọjọ́ 4, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2025, Team Cherry, àwọn ará Adelaide ní Australia, gbé gémù Hollow Knight: Silksong jáde ní $19.99. Èrò ya bo Steam àti ojú ọjà Nintendo lórí íntánẹ́ẹ̀tì títí wọ́n fi dákú. Àwọn tó fẹ́ san owó tí kò tó nǹkan yẹn kò rí ibi san án sí, wọ́n sì figbe ta. A parí èrò sí pé ẹkún àwọn ọ̀ta gémù kì í gòkè tàbí sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú iye ọjà. Ó dúró gbọn-in.

5. Ìjíròrò: ohun tó ń já owó wálẹ̀

Bí kì í bá ṣe ẹkún, kí ni? Ìdáhùn wà nínú ọdún 2011. Nínú oṣù Kẹta ọdún náà, Nintendo gbé ẹ̀rọ gémù 3DS dé Amẹ́ríkà ní $249.99. Àwọn ènìyàn wò ó, wọ́n sì kọjá lọ. Kí oṣù Kẹjọ tó parí, ó ti di $169.99. Satoru Iwata, ààrẹ ilé-iṣẹ́ náà nígbà yẹn, gé owó oṣù ara rẹ̀ sí ìdajì, wọ́n sì fi ogún gémù àtijọ́ tu àwọn tó ti sáré rà á lójú. Lọ́dún yẹn, ilé-iṣẹ́ ló sunkún.

Àwọn ìyá wa ní ọjà Dùgbẹ̀ ti mọ èyí kí Nintendo tó mọ̀ ọ́n. Oníbàárà tó dúró ti ọjà, tó ń kígbe pé, "Háà, ẹ fẹ́ pa mí ni? Ẹ bá mi mójú tó o jàre," ìyá ọlọ́jà kò ní gbé ojú sókè. Á ní, "Màmá, ẹ wo ọjà dáadáa kẹ̀," á sì máa ka tòmátì rẹ̀ lọ, nítorí ó mọ̀ pé ẹni tó ń pariwo ti rà á. Èyí tó bá ní, "Ó dáa, ẹ ṣeun," tó sì yísẹ̀ padà, kì í rìn dé ìsọ̀ kẹta kó tó gbọ́ lẹ́yìn rẹ̀ pé, "Ẹ padà, ẹ padà, ẹ mówó wá."

6. Àbá

Fún àwọn tó ń fẹ́ kí owó wálẹ̀: kí wọ́n dákẹ́, kí wọ́n sì yísẹ̀ padà. Àwọn mílíọ̀nù 2.2 tó forúkọ sílẹ̀ ní Japan kò jẹ́ kí a retí pé wọ́n á gbọ́.

Fún òbí tó wà ní Peckham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ọmọ ń fi ọ̀rọ̀ £395.99 jí láràárọ̀: ìwádìí yìí kò fi hàn pé ìdákẹ́ ń ṣiṣẹ́ lórí ọmọ. Ọmọ tó ní ìyá òun kò ní sùn, òun náà kò ní fojú ba oorun, ṣùgbọ́n ọmọ ọjọ́ òní ti rí nǹkan fi ṣòru.

Fún àwọn olùwádìí tó ń bọ̀: pápá ṣì gbòòrò. Jálẹ̀ ọdún 2025 ni àwọn ọ̀ta gémù ti ń sunkún lórí iye tí wọ́n máa ta gémù Grand Theft Auto VI, nígbà tí Rockstar tó ń ṣe é kò tíì dárúkọ iye kankan. Ẹkún tó ṣáájú iye ọjà jẹ́ ohun tó yẹ kí wọ́n fi ara balẹ̀ wò. Ó dá wa lójú pé àwọn tó ń dá iye lé ọjà ń gbọ́ ọ láti yàrá ìpàdé wọn, wọ́n sì ń fi í wọn bí ìlà ọjọ́ tí ọjà bá bẹ̀rẹ̀ yóò ṣe gùn tó. Wọn kò nílò iṣẹ́ ìwádìí mìíràn.