Alákàrà Bahia Fi Ojú Mi Rí Nǹkan

Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá yìí ló ṣẹlẹ̀, ètè mi ò tíì bọ̀ sípò. Salvador ni mo wà, ní Bahia, lórílẹ̀-èdè Bràsíl. Ọ̀pọ̀ ará ibẹ̀ máa ń wọ funfun lọ́jọ́ Ẹtì nítorí Oxalá, ìyẹn Òrìṣàńlá tiwa, lèmi náà bá gbé bùbá àti ṣòkòtò funfun wọ̀. Mo yí ọjà Mercado Modelo ká, mo wọ Elevador Lacerda, lífìtì tó ti ń gbé èèyàn láti ìsàlẹ̀ ìlú lọ sókè láti ọdún 1873. Kò tó ìṣẹ́jú kan tí mo fi dókè.

Kí n tó dé àdúgbò Pelourinho, ọkùnrin kan ti so rìbọ́ọ̀nù mọ́ mi lọ́wọ́, ó ní ọ̀fẹ́ ni. Ó so ó tán, ó na ọwọ́, ó ní owó dà. Ọ̀fẹ́ wo nìyẹn? Mo sanwó, inú sì ń bí mi dòní.

Pẹ̀lú ìbínú yẹn ni mo dé ọ̀dọ̀ ìyá alákàrà kan, aṣọ funfun, gèlè funfun, ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn. Acarajé ni wọ́n ń pe àkàrà níbẹ̀. Mo fi ìwọ̀nba Potogí tí mo gbọ́ ṣàlàyé fún wọn pé ọ̀dọ̀ wa ni àkàrà ti wá, mo tilẹ̀ ń fi ọwọ́ júwe bí wọ́n ṣe ń dín in! Iṣẹ́ tí ìjọba Bràsíl ti kọ sílẹ̀ bí ogún orílẹ̀-èdè láti 2005 ni mo ń kọ́ oníṣẹ́.

Ìyá bi mí pé, "Quente?" Èyí yé mi, gbígbóná ni. Ta ló fẹ́ àkàrà tútù? Mo ní, "Quente!" Wọ́n wò mí lójú, wọ́n tún bi mí. Mo fi ohùn ọlọ́jà dá wọn lóhùn: "Muito quente!"

Àṣé wọn kì í lọ ata mọ́ ẹ̀wà bíi tiwa. Ẹ̀wà bíbó, àlùbọ́sà àti iyọ̀ ni wọ́n ń pò pọ̀. Wọ́n á fi ṣíbí igi lù ú títí yóò fi fúyẹ́, wọ́n á dín in nínú epo pupa. Tó bá jinná, wọ́n á là á, wọ́n á kó vatapá sínú rẹ̀, ìyẹn búrẹ́dì, edé, ẹ̀pà, wàrà àgbọn àti epo tí wọ́n rò pọ̀ títí tó fi ki. Inú àwo tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni ata wà. Òun gan-an ni "quente" tí wọ́n ń béèrè.

Mo gé e. Èmi tí mo máa ń fọ́nnu pé ẹ̀mí tí ò jẹ ata, ẹ̀mí yẹpẹrẹ ni! Ọ̀fun mi dí, etí mi ń hó, mo ké "Yéè!", mo sì fún àkàrà náà pọ̀ lọ́wọ́. Gbogbo vatapá inú rẹ̀ tú sí mi láyà, ó ń ṣàn lọ sí ṣòkòtò. Ikun ń yọ, omijé ń dà, mo ń fò sókè bí eégún tí kòkòrò wọ aṣọ rẹ̀. Ọmọdébìnrin kan ń fi páálí fẹ́ mi. Àlejò méjì yọ fóònù, wọ́n ń ya fídíò. Ìyá gbé omi àgbọn fún mi, wọ́n sọ nǹkan kan fún àwọn tó tò sẹ́yìn mi, ẹ̀rín sọ. "Nigéria" nìkan ni mo gbọ́ nínú rẹ̀.

Mo jẹ ìyókù o, tẹkúntẹkún. Ó dùn.

Bẹ́ ẹ bá débẹ̀, tí wọ́n bi yín ní "quente", ẹ tètè ní "frio". Wọn ò ní fún yín ní àkàrà tútù.