Àlàájì Onísólà àti NÉPÀ Inú Ilé Rẹ̀

Ẹni tó bá rìn ní Táíwò Road ní Ìlọrin lọ́sàn-án, tí kò bojú wòkè, ìdajì òpópónà náà ló rí. Nísàlẹ̀, jẹ̀nẹ́rétọ̀ ló tò síwájú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ń bú ramúramù lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń ta fóònù àti àwọn tó ń ránṣọ. Lókè, páńẹ́ẹ̀lì sólà ló tẹ́ rẹrẹ lórí òrùlé bí ẹní àwọn tó ń sá ẹ̀lùbọ́. Abẹ́ ọ̀kan nínú àwọn páńẹ́ẹ̀lì wọ̀nyẹn ni ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé ń gbé. Kò ní orúkọ kan pàtó, nítorí pé irú rẹ̀ pọ̀. Ẹ jẹ́ ká pè é ní Àlàájì Onísólà. Bí ẹ bá bi í pé ṣé iná wà, kò ní sọ pé ó wà tàbí kò sí. Yóò rẹ́rìn-ín músẹ́, yóò ní, “Ṣé NÉPÀ lẹ ń bèèrè? Àwa ti gbàgbé wọn níbí.” Orúkọ gómìnà ni òpópónà yẹn ń jẹ́: Kọ́nẹ́ẹ̀lì Ibrahim Taiwo, tó ṣèjọba Kwara láti 1975 títí wọ́n fi pa á nínú ìgbìyànjú ìfipágbàjọba February 1976. Lónìí, orí òrùlé kọ̀ọ̀kan ní ìjọba tirẹ̀, Àlàájì sì ni gómìnà lórí tiẹ̀. Ó gbà pé òun ti bọ́ lọ́wọ́ NÉPÀ. Èmi ń sọ pé kò bọ́ rárá. Òun gan-an ló di NÉPÀ.

Ẹ jẹ́ ká rántí ohun tí NÉPÀ jẹ́ ná. Ní 1972 ni ìjọba dá iléeṣẹ́ iná yìí sílẹ̀. Ní 2005 wọ́n sọ ọ́ di PHCN. Ní 2013 wọ́n pín in tà fún àwọn aládàáni, Ìlọrin sì bọ́ sábẹ́ IBEDC tó fi Ìbàdàn ṣe ibùjókòó. Gbogbo ìsọmọlórúkọ wọ̀nyí kò wọ ará ìlú létí. NÉPÀ ni wọ́n ṣì ń pè é títí di òní, nítorí wọ́n mọ̀ pé bí iléeṣẹ́ bá pààrọ̀ orúkọ, ìwà kì í bá a pààrọ̀. Ìwà náà pín sí mẹ́rin: NÉPÀ ń pín iná bó ṣe wù ú, ó ń múná lọ láìsọ tẹ́lẹ̀, ó ní àwáwí fún ẹ̀ẹ̀rùn, ó ní fún òjò, kì í sì í gbà láé pé òun jẹ̀bi. Ẹ kó ìwà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọlé Àlàájì, kí ẹ wò ó bóyá ọ̀kan wà níbẹ̀ tí kò bá a mu.

Ìpín iná ni ká fi bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, àjọ NERC tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ iná kéde pé àwọn tó wà ní Band A, tí wọ́n ṣèlérí ogún wákàtí iná lójúmọ́ fún, yóò máa san ₦225 lórí kílówáàtì-wákàtí kan dípò ₦68. Ìlú pariwo pé ìrẹ́jẹ ni kí wọ́n máa to èèyàn ní ìpele-ìpele nídìí iná. Ohùn Àlàájì wà lára àwọn tó ròkè jù. Ṣùgbọ́n ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Nílé Àlàájì, yàrá tirẹ̀ ni Band A: fáànù ń yí, tẹlifíṣọ̀n ń sọ̀rọ̀, éèsì pàápàá a máa mí díẹ̀ bí ọ̀sán bá mọ́lẹ̀ dáadáa. Pálọ̀ ni Band B, nítorí àlejò. Yàrá àwọn ọmọ ni Band D: gílóòbù kan ṣoṣo, pípa sì ni bí iṣẹ́ iléèwé bá ti parí. Ilé ìdáná ìyá wọn kò tilẹ̀ sí nínú ètò. Bó bá di aago mẹ́wàá alẹ́, Àlàájì yóò dìde lọ síbi ínfátà, yóò pa ìdajì ilé láìkéde fún ẹnikẹ́ni, bí ìyàwó rẹ̀ bá sì pariwo láti ẹ̀yìn pé, “Àlàájì, mo ṣì ń wá abẹ́rẹ́ o,” yóò dáhùn pé bátìrì ò gbé e. Áyọ́ọ̀nù ló wá jẹ́ ọ̀tá pátápátá. Kì í ṣe pé ó ń ṣàṣejù o. Ìṣirò wà nídìí rẹ̀. Bátìrì tubular kan tó jẹ́ fóòlùtì 12 àti 220Ah, 2,640 wáàtì-wákàtí ló wà nínú rẹ̀ lórí ìwé. Ẹni tó bá fẹ́ kó pẹ́ kò gbọdọ̀ lò ju ìdajì lọ, ìyẹn 1,320. Áyọ́ọ̀nù tó ń jẹ 1,200 wáàtì, bó bá ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan láìsinmi, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá a tán. Òfin Àlàájì bọ́gbọ́n mu nígbà náà. Ohun tó pani lẹ́rìn-ín ni pé bí NÉPÀ bá ṣe irú ìṣirò kan náà, tó ní iná kò tó, ẹ jẹ́ ká máa gbà á ní ìpín-ìpín, olè ni Àlàájì ń pè é.

Lẹ́yìn ìpín ni àwáwí. NÉPÀ a ní omi fà, tàbí gáàsì kò tó. Àlàájì a ní ọyẹ́ ti da eruku bo páńẹ́ẹ̀lì. Bí ọyẹ́ bá kọjá, a ní ìkùukùu òjò ni. Òtítọ́ ni méjèèjì, gẹ́gẹ́ bí àwáwí NÉPÀ náà ṣe máa ń jẹ́ òtítọ́ nígbà mìíràn. Èyí tí kì í sọ rárá ló wá jóòótọ́ jù. Bí ẹ bá gbọ́ ọ ní oṣù kẹta, nígbà tí páànù ń ta èèyàn lọ́wọ́, tó ń yangàn pé, “Oòrùn Ìlọrin yìí, owó ni!”, ẹ ó rò pé bí ìlú bá ṣe gbóná sí ni iná rẹ̀ ṣe ń pọ̀ sí. Oòrùn àti ooru ló dàrú mọ́ ọn lójú. Ìmọ́lẹ̀ ni páńẹ́ẹ̀lì ń sọ di iná. Ooru, ṣe ló ń bà á jẹ́. Agbára tí wọ́n kọ sẹ́yìn páńẹ́ẹ̀lì, ní 25°C ni wọ́n wọ̀n ọ́n. Ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan tó bá fi gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ, nǹkan bí ìdá 0.3 sí 0.4 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń bá a lọ. Lórí òrùlé páànù lọ́sàn-án ẹ̀ẹ̀rùn, ara páńẹ́ẹ̀lì lè gbóná kọjá 60°C. Ó ju ìdámẹ́wàá agbára rẹ̀ tó ti fò lọ níbi tí Àlàájì ti ń yin oòrùn.

Ní ti kí ó gbà pé òun jẹ̀bi, ẹ má tilẹ̀ retí rẹ̀. Bí bátìrì bá kú láìpé ọdún méjì, ayédèrú ni wọ́n tà fún un. Kò ní sọ pé òun kò bu omi sí i láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e dé. Bí iná bá kú kí ìrun àsùbáà tó tó, àwọn tó ṣiṣẹ́ náà ni kò mọṣẹ́. Kò ní sọ pé àwọn yẹn ní kó ra bátìrì mẹ́rin, òun ló ní méjì náà tó. Àwọn àgbà ní ara òkúta tí wọ́n fi ń lọ irin ni ìlú yìí ti gba orúkọ. Àlàájì kì í lọ irin. Ahọ́n ló ń lọ. Ó ti mọ lithium, ó mọ MPPT, ó mọ kVA, ó sì ń da gbogbo rẹ̀ lé àlejò lórí kó tó bu omi fún un mu. Yóò ṣí fóònù, yóò fi hàn án iye tó ń wọlé àti iye tó ń jáde, lẹ́yìn náà yóò mú un lọ síbi ínfátà bí ẹni tó ń fi ìyàwó tuntun han mọ̀lẹ́bí. Iléeṣẹ́ iná gan-an kì í polongo ara rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ẹnìkan yóò dá mi lóhùn pé, kí lo wá fẹ́ kó ṣe? Ṣé kó padà sídìí jẹ̀nẹ́rétọ̀ ni? Ó tì o. Láti ìparí oṣù karùn-ún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ epo, jálá epo tí kò tó ₦200 tẹ́lẹ̀ fò kọjá ₦500, kí ọdún tó tẹ̀ lé e sì tó parí, ó ti kọjá ₦1,000. Lọ́dún 2024 yẹn kan náà, ọ̀pọ̀ ìgbà ni gíríìdì orílẹ̀-èdè dojú dé. Ọ̀rọ̀ náà tún dun ará Ìlọrin ju ẹlòmíràn lọ. Láti 1968 ni ìdídò Káínjì ti ń fi omi Ọya ṣe iná. Ìdídò Jẹ́bà, nítòsí ìlú Jẹ́bà tó wà ní ìpínlẹ̀ Kwara níbí, tẹ̀ lé e ní àárín àwọn ọdún 1980. Ní Yunifásítì Ìlọrin gan-an ni ibùdó ìwádìí ìjọba àpapọ̀ lórí iná tí a ń fi omi ṣe wà. Ẹni tí wọ́n ń se ọbẹ̀ lẹ́yìnkùlé rẹ̀, tí wọn kò bù fún un, kò jẹ̀bi bó bá da iná tirẹ̀. Sólà kì í pariwo, kì í rú èéfín, kò sì béèrè fún epo. Gbogbo ìyẹn ni mo gbà. Ohun tí n kò gbà ni pé kí ẹni tó da iná tirẹ̀ máa pe ara rẹ̀ ní ẹni tí ebi kò lè pa mọ́.

Ẹlòmíràn yóò ní owó ara rẹ̀ ló ná, kí ló kàn wá? Ìbá má kàn wá bó bá jẹ́ pé Àlàájì ti gé wáyà NÉPÀ kúrò lára ilé. Kò gé e. Wáyà náà ṣì wà fún áyọ́ọ̀nù, fún pọ́ǹpù bọ́hòòlù, àti fún ọjọ́ tí òjò bá fi odidi ọjọ́ mẹ́ta rọ̀. Ṣùgbọ́n bí tíránsífọ́mà àdúgbò bá jó, tí àwọn onílé pe ìpàdé láti dáwó, kí wọ́n sì kọ̀wé, Àlàájì kò ní yọjú. Ó ní òun kò lo NÉPÀ mọ́. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà tiwa yìí wà lọ́jà, ó kàn bọ́ sórí òrùlé ni. Bẹ́ẹ̀ òun ni wọ́n ń fetí sí níléeṣẹ́ iná, òun ló mọ ọ̀gá, òun ló lè pariwo kí wọ́n gbọ́. Bí irú rẹ̀ bá ti ń yọ ẹsẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, àwọn tó kù nídìí ẹjọ́ ni àwọn tí ohùn wọn kò jìnnà: aránṣọ, onígbàjámọ̀, ìyá tó ń ta ọtí ẹlẹ́rìndòdò tútù. Àwọn wọ̀nyẹn yóò tan jẹ̀nẹ́rétọ̀, ariwo àti èéfín rẹ̀ yóò sì gba ojú fèrèsé wọ Band A lọ bá Àlàájì lórí bẹ́ẹ̀dì. Àwọn baba wa kò sọ ọ́ lásán pé bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru.

Ibì kan wà tí irú ìgbé ayé Àlàájì yìí ti bá a mu. Ní Amẹ́ríkà, àwọn kan wà tí wọ́n ń gbé yàrá kékeré kan lé ẹ̀yìn ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù, tí wọ́n fi páńẹ́ẹ̀lì kan tàbí méjì sórí rẹ̀, tí wọ́n sì ń wà á wọ inú aginjù lọ. Àwọn náà ń ka iná bí ẹni ka owó. Bí wọ́n bá gbé ọkọ̀ sábẹ́ igi, ara tù wọ́n, ṣùgbọ́n páńẹ́ẹ̀lì kò rí oòrùn. Bí wọ́n bá gbé e sí gbangba, bátìrì kún, àwọn sì ń làágùn. Wọ́n mọ̀ pé ohun tó wà lọ́wọ́ àwọn níwọ̀n, wọ́n sì ń gbé ìgbé ayé wọn mọ ìwọ̀n náà. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí kò sí òpó iná níbẹ̀, kò sí aládùúgbò, kò sí tíránsífọ́mà tí èèyàn ń dáwó sí. Àárín ìgboro ni Àlàájì wà, ilé lọ́tùn-ún, ilé lósì, wáyà lókè orí, ó sì ń gbé bí ẹni tó dá wà nínú aginjù. Ọgbọ́n arìnrìn-àjò ló mú wọ ìlú, ó wá fi ìwọ̀n sílẹ̀ nínú aginjù.

N kò sọ pé kó sọ páńẹ́ẹ̀lì kalẹ̀. Ẹ̀rọ tó rà gan-an ló lè kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́. Lọ́jọ́ tí iná bá dé lójijì, tí àwọn ọmọ Táíwò Road hó yèè pé wọ́n ti múná wá, kò sí ẹni tó máa hó nínú ilé Àlàájì, ìtìjú ni. Ẹ̀rọ rẹ̀ kò mọ ìtìjú. Yóò dún kẹ́kẹ́ lára ògiri, yóò gba iná NÉPÀ wọlé, yóò sì máa fi rọ bátìrì yó. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ ó gbọ́ ohùn Àlàájì láti inú yàrá, ó rọra ń bèèrè ibi tí wọ́n gbé áyọ́ọ̀nù sí.