Mọ́tò Ń Lọ, Ìdí Rẹ̀ Ń Jó

Ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé ní Jámánì ló fi mọ́tò náà ránṣẹ́. Ilé ni wọ́n kọ́ sórí táyà: ibùsùn wà nínú rẹ̀, sítóòfù gáàsì wà, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà, dígí gàgàrà kan sì wà lára ògiri. Àwọn òyìnbó a máa wà á lọ sínú igbó láti lọ sùn níbẹ̀. Sítíárìn rẹ̀ wà lápá òsì, èyí tó bá wa lára mu, torí láti 2 April 1972 ni Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọwọ́ ọ̀tún wa mọ́tò. Àwọn ọmọdé àdúgbò wa ní Ìlobù sọ ọ́ ní Ilé-ń-rìn.

Àga àti kánópì ni mo ń yá àwọn olóde. Dígí yẹn ló kó bá mi. Mo rò ó pé ìyàwó lè máa ṣe ara lóge nínú mọ́tò bí a ṣe ń lọ, kí àga, kánópì àti jẹnẹrétọ̀ máa tẹ̀ lé wa lórí tírélà kékeré kan. Owó ọ̀nà méjì, epo ẹ̀ẹ̀kan. Mo lọ ra tírélà onítáyà mẹ́rin kan ní Èkó, tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà.

Bọ́ọ̀lù irin tó wà nídìí mọ́tò mi, èyí tí wọ́n ń kọ́ tírélà mọ́, ti Yúróòpù ni: mílímítà 50. Ẹnu tírélà tó yẹ kó gbé bọ́ọ̀lù náà mì, ti Amẹ́ríkà ni: íǹṣì 2 àti 5/16, ìyẹn lé ní mílímítà 58. Wẹ́dà mi wò ó, ó mirí, ó ní kí n lọ wá bọ́ọ̀lù tó bá a mu. Owó bọ́ọ̀lù ni mo wò. Mo gé tíúbù táyà ọ̀kadà, mo wé e mọ́ bọ́ọ̀lù náà títí ó fi kún ẹnu tírélà bámúbámú, mo sì yin ara mi.

Wáyà kan tún wà tó ń gbé iná lọ sí búréèkì tírélà. Ẹ̀gbọ́n mi ti sọ lórí fóònù pé lọ́dọ̀ àwọn, tírélà tó bá ti lè wúwo ju kílò 750 lọ gbọ́dọ̀ ní búréèkì tirẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, búréèkì mọ́tò tí ẹ fi ránṣẹ́ ti tó àwọn méjèèjì." Mo gé wáyà náà, mo fi di ọ̀pá kánópì. Kí n má parọ́, ó di í dáadáa.

Òṣogbo ni mo ti lọ gbé jẹnẹrétọ̀ onídísù. Ìdí tírélà pátápátá ni mo ní kí wọ́n gbé e sí, lẹ́bàá ilẹ̀kùn, kí ó lè yá láti sọ̀ kalẹ̀. Àga oníke la kó síwájú. Bí a ṣe kúrò ní Òkinní, mo rí i pé ojú ọ̀nà dá, mo tẹ tọ́tù. Ni ìdí mọ́tò bá bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Ó kọ́kọ́ ń mì wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ẹni tó gbọ́ bàtá lọ́ọ̀ọ́kán. Mo tẹ búréèkì, ó di ijó eégún. Tírélà ń fà wá sọ́tùn-ún, ó ń fà wá sósì, ọlọ́kadà kan tó ń bọ̀ níwájú rọra kọrí sínú koríko láì bínú. Ìgbà tí a fi dúró, ọmọṣẹ́ mi, Mùsùlùmí tí kì í pa ìrun jẹ, ti ń pe Jésù.

Mo sọ̀ kalẹ̀, mo wò ó yíká, mo sì dá a lẹ́jọ́ pé tírélà fúyẹ́ jù. Nígbà tí a délé, mo rọ omi kún dúrọ́ọ̀mù kan, mo gbé e ti jẹnẹrétọ̀ níbi ìdí tírélà, kí ó lè fìdí mọ́lẹ̀.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó kan, Ifọ́n-Ọ̀ṣun là ń lọ. Ìlobù sí Ifọ́n kò tó ohun tí èèyàn ń dágbére fún. Àdúrà kan ṣoṣo ni mo gbà, pé kí n má pàdé ẹ̀ṣọ́ ojú pópó. Láti 1988 ni ìjọba àpapọ̀ ti dá wọn sílẹ̀, Wọlé Ṣóyínká sì ni alága wọn àkọ́kọ́. Kò sí ohun tí mo lè rò fún ọmọ iléeṣẹ́ irú ọ̀mọ̀wé bẹ́ẹ̀ nípa tíúbù ọ̀kadà.

A kan bọ́ǹpù. Gbàù! Ìyàwó kígbe nínú mọ́tò: tìróò tí wọ́n ń lé sí i lójú ti fà dé etí. Kí n tó bẹ̀ ẹ́, mo rí nǹkan kan nínú dígí ẹ̀gbẹ́, tó fẹ́ yà mí sílẹ̀ lápá òsì. Mo ní, "Ẹ wo awakọ̀ burúkú yìí!" Ọmọṣẹ́ mi ní, "Ọ̀gá, tiwa ni."

Ó kọjá wa pẹ̀lú gbogbo àga inú rẹ̀, ó yà kúrò lójú títì, ó wọ oko iṣu, ó fọ́ ebè bíi mélòó kan, ó sì gúnlẹ̀. Ọlọ́run yọ wá, kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Àmọ́ kí n tó sáré débẹ̀, èèyàn ti pé, wọ́n ti ṣa àga mi tó fọ́n ká, wọ́n sì jókòó sí i láti máa wòran. Màmá kan béèrè bóyá inú oko yẹn ni wọn yóò ti ṣe ìyàwó.

Bàbá kan tó ti fi tírélà ńlá gbé ẹrù lọ sí Kánò títí ó fi fẹ̀yìn tì ló wá là mí lóye. Ó wo inú tírélà, ó rẹ́rìn-ín. "Ta ló kọ́ ẹ ní ẹrù dídì? Ìwúwo kọ́ ló ṣe ẹ́, ibi tí o gbé e sí ni." Ó ní iwájú táyà tírélà ló yẹ kí èyí tó pọ̀ jù nínú ẹrù wà, bí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ kílò 100, kí kílò 10 sí 15 máa tẹ bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀. Bí ìdí bá wúwo, imú á gbéra sókè, á máa já ìdí mọ́tò gbà lọ́wọ́ táyà ẹ̀yìn. Mọ́tò tèmi wá burú sí i, nítorí ìdí rẹ̀ yọ gùn-ún kọjá táyà ẹ̀yìn, tírélà sì rí ibi fẹsẹ̀ tì láti máa fì í.

Mo ní, "Bàbá, tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í jó ńkọ́?"

"Rọra gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tọ́tù. Di sítíárìn mú gbọn-in, má bá a jà. Má tẹ búréèkì mọ́tò. Ti tírélà nìkan ni kí o rọra fà."

Mo dákẹ́. Ó wo ọ̀pá kánópì, ó rí wáyà.

"Ṣéènì ńkọ́? Méjì ló yẹ kó wà, kí wọ́n gba abẹ́ ọrùn tírélà kọjá lórí ara wọn. Tó bá já, orí wọn ni ọrùn náà á balẹ̀ sí."

Ṣéènì wà. Mo ti fi wọ́n de jẹnẹrétọ̀ nítorí olè.

A da omi dúrọ́ọ̀mù nù, wọ́n bá mi ti jẹnẹrétọ̀ síwájú, bàbá fi ṣéènì so ọrùn tírélà bó ṣe wí. Ó wá ń fẹsẹ̀ rìn níwájú, mo ń tẹ̀ lé e, ó sì ń dúró dè mí.

Ibi tó kù ni kí n fi ẹ̀yìn wọ pápá ìnáwó. Mo yí sítíárìn sọ́tùn-ún, tírélà gba òsì. Bàbá ní kí n di ìsàlẹ̀ sítíárìn mú, kí n sì máa gbé ọwọ́ síbi tí mo bá fẹ́ kí ìdí tírélà lọ. Ọ̀rọ̀ náà yé mi yékéyéké, ìdí nìyẹn tí mi ò fi wẹ̀yìn mọ́. Ariwo àwọn alásè ló dá mi dúró. Ìyá alásè gan-an ti ń bọ̀ pẹ̀lú ọmọrogùn lọ́wọ́. Ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ rírò ti bo táyà tírélà méjèèjì lápá kan.

Mo sanwó ebè, mo sanwó ìkòkò, mo sanwó ẹ̀fọ́, mo dín owó kù fún ìyàwó nítorí tìróò. Ó rẹ̀ mí, mo fa àga kan lábẹ́ kánópì, mo jókòó. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó so ribọ́ọ̀nù mọ́ àyà wá bá mi, ó ní kí n jọ̀wọ́ dìde, àwọn àlejò nìkan ni wọ́n yá àga fún.