Àwókù Tuntun ní Painshill

Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ẹni tí àdánù bá ni àwọn àgbà ń fi òwe yìí tù nínú. Wọn ò ní kí ọba ṣáná sí ààfin ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n Charles Hamilton, ọmọ ìjòyè kan, kò tilẹ̀ dúró de iná. Àwókù gan-an ló kọ́.

Ní Cobham, lágbègbè Surrey nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ọgbà rẹ̀ tó ń jẹ́ Painshill wà. Láti 1738 ló ti ń náwó síbẹ̀: ó gbẹ́ adágún odò, ó gbin igi òkè òkun, ó kọ́ ihò àpáta àtọwọ́dá tí ògiri rẹ̀ ń dán yinrin. Ní 1772, ó wá kọ́ ilé àwọn mọ́ńkì, ìyẹn àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìjọ Kátólíìkì, èyí tó ti wó. Kò sí òrùlé, ògiri já, fèrèsé ń wo ojú ọ̀run. Bíríkì ni wọ́n fi kọ́ ọ, wọ́n sì rẹ́ ẹ kó lè jọ òkúta àtayébáyé. Mọ́ńkì kankan ò sùn níbẹ̀ rí. Àwókù gidi sì wà ní Surrey kan náà, ní Waverley, níbi tí Ọba Henry Kẹjọ ti lé àwọn mọ́ńkì jáde ní 1536. (Bíríkìlà tó bá gbé irú iṣẹ́ Hamilton fún onílé lónìí, àgọ́ ọlọ́pàá ni wọn yóò ti parí rẹ̀.)

Wọ́n ní ó tún háyà ẹnì kan tí yóò máa dá gbé inú ahéré bí ẹni mímọ́ fún ọdún 7, tí kò ní gé irun, tí kò ní bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 3, ilé ọtí ni wọ́n ti rí ẹni mímọ́.

Ní 1773, ọ̀rọ̀ owó mú kí Hamilton ta gbogbo rẹ̀.

Nígbà tó yá, ọgbà náà bàjẹ́ lóòótọ́. Igbó bò ó, òrùlé ihò àpáta wó lulẹ̀. Èèyàn á rò pé ohun tí Hamilton ń wá ló dé yìí. Rárá o! Ní 1980, ìjọba ìbílẹ̀ Elmbridge ra èyí tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ náà, nígbà tó di 1981, wọ́n dá àjọ kan sílẹ̀ tí yóò tún un ṣe. Iṣẹ́ kékeré kọ́: ibi tí wọ́n dìídì kọ́ ní wíwó, kó wà bẹ́ẹ̀, ibi tó ṣèèṣì wó, ẹ gbé e dìde, ṣùgbọ́n kó má dára jù. Ní 1998, Europa Nostra, àjọ tó ń dáàbò bo ohun àtayébáyé ní Yúróòpù, fún wọn ní àmì-ẹ̀yẹ, ó sì tọ́ sí wọn, torí ọgbà náà rẹwà.

Àwọn àlejò ń ra tíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń ya fọ́tò níwájú ògiri tó já. Ilé tó pé, èyí tí Benjamin Bond Hopkins kọ́ lẹ́yìn tó ra ilẹ̀ náà lọ́wọ́ Hamilton, ṣì wà nítòsí. Àwọn onílé ń gbé inú rẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì ò dé ibẹ̀.